Búùtà Tí Hámzà Gbé Lọ Sí Wọ́ọ̀dù

Ní Kàbà, Hámzà kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ mọ́. Bí o bá na ọwọ́ sí i, yóò gbé tirẹ̀ lé àyà, yóò tẹrí ba díẹ̀, yóò kí ọ bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà, "Okun o." Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ẹ̀sìn ló le sí i lọ́wọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Kànga ni Hámzà ń gbẹ́. Bàbá rẹ̀ náà gbẹ́ kànga títí tó fi dàgbà, ó sì kú lórí ẹní, èyí tí gbogbo agbẹ́kànga ń bẹ Ọlọ́run fún. Nígbà tí ó ń lọ, ó fi ọwọ́ Akóredé, àbíkẹ́yìn rẹ̀, lé Hámzà lọ́wọ́. Ó ní, "Má ṣe jọ̀wọ́ okùn." Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.

Láti ìgbà náà, Akóredé ló ń wọ inú kànga, Hámzà ló ń dúró lókè. Akóredé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lágbára. Àyè kékeré tó o láti ju dígà. Òfin wọn kò pọ̀. Bí Akóredé bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kí Hámzà fa garawa erùpẹ̀ sókè. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fa Akóredé fúnra rẹ̀ jáde. Hámzà kì í bèèrè ìdí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló mọ ohun tó rí.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́: búùtà kan, oníke, aláwọ̀ ewé, tó ní ìlà funfun lára, irú èyí tí gbogbo Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ọjọ́ tí omi bá yọ, tí wọ́n bá gbọ́n ọn títí tó fi mọ́, omi àkọ́kọ́ kì í lọ sọ́dọ̀ onílé. Inú búùtà ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n yóò da omi sí àbúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ títí amọ̀ yóò fi ṣàn lọ. Àbúrò yóò gba búùtà, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni onílé, ìyàwó rẹ̀, àwọn aládùúgbò, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ, onímàle tàbí onígbàgbọ́. Sàráà omi ni bàbá wọn ń pè é. Ó gbà pé kànga tí wọn kò bá ṣe é fún, omi rẹ̀ kì í pẹ́ẹ́ gbẹ.

Ilé Bámgbóṣé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni Bámgbóṣé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí ọ̀nà Ògìdì, ó sì fẹ́ ní omi kó tó kó wọlé. Wọ́n ti gbẹ́ kànga náà jìn. Òjò rọ̀ ní òru, ilẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún mọ́ omi, ara wọn kò gbà wọ́n láti dúró. Akóredé wọ inú. Kò pẹ́, apá kan ya lára ògiri kànga, òkúta kan sì wà nínú rẹ̀. Hámzà gbọ́ ọ bí ó ṣe balẹ̀. Kò gbọ́ igbe. Okùn ló mì lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fà á jáde. Egungun ojúgun ọ̀tún ti yọ síta, amọ̀ sì ti kún ojú egbò náà.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan nínú ìlú. Dókítà tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ọpẹ́dayọ̀, ọ̀dọ́kùnrin ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fọ ẹsẹ̀ náà, ó to egungun, ó dì í. Ṣùgbọ́n amọ̀ ti wọlé jù. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà ní kòkòrò ti wọ inú egungun, oògùn apakòkòrò tó lágbára ló lè bá a jà, yóò sì pẹ́ kó tó tán. Abẹ́rẹ́ ní àárọ̀, abẹ́rẹ́ ní alẹ́, kóró oògùn láàárín wọn. Bíllíkísù, ìyàwó Akóredé, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò lè gbé ìkókó wá sí wọ́ọ̀dù. Hámzà ló dúró tì í. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ará ibẹ̀.

Wọ́ọ̀dù ọkùnrin gùn, bẹ́ẹ̀dì tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní òpin rẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí omi ti jáde nínú rẹ̀ kẹ́yìn. Olúkúlùkù ń wá omi bó ṣe mọ̀. Bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti Akóredé, Ọlọ́runlékè ni orúkọ rẹ̀, ará Makutu ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un. Hámzà rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ di ikùn mú, tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó sì ń padà bọ̀ láìrí omi lò. Kò dára lójú rẹ̀.

Kànga ọsibítù wà lẹ́yìn ilé. Bàbá Hámzà ló gbẹ́ ẹ. Hámzà lọ sílé, ó gbé búùtà wá, ó pọn omi kún un, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní kí gbogbo ènìyàn máa lò ó. Bó bá ti tán, yóò pọn òmíràn.

Bàbá Ọlọ́runlékè ló kọ́kọ́ lò ó. Ó jáde, ojú rẹ̀ fúyẹ́.

"Ọmọ Owé, ẹ̀yin ará Kàbà kì í ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa?"

"Àdúrà ni, Bàbá."

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mọ̀ o."

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má fi èdè Ìyàgbà gbà á, kó má baà pẹ́ lọ́nà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó tún di ikùn mú nítorí ojú abẹ. "Rhoda," ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, "gbọ́ ohun tí Alhájì Oníbúùtà ń sọ sí bàbá rẹ."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà, Bàbá."

"Ibi tí búùtà yìí máa gbé ọ dé, ó ju Mẹ́kà lọ," ni Rhoda wí.

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Alhájì Oníbúùtà. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn aláìsàn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. Bí omi bá tán, wọn yóò mi búùtà kí ó gbọ́. Ẹni tó lè rìn yóò gbé e fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn, ará ilé rẹ̀ yóò gbé e wá sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì. Hámzà máa ń gbọ́ ire tí wọ́n ń sú fún un, inú rẹ̀ a dùn, ó sì máa ń rò pé bí ire náà bá pọ̀ tó, apá kan rẹ̀ yóò bọ́ sí ẹsẹ̀ Akóredé.

Ẹsẹ̀ náà sì ń sàn. Òórùn rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì Inúmidùn, tó máa ń dì í, fi hàn Hámzà bí ẹran pupa ṣe ń yọ létí ojú egbò. Akóredé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kànga Bámgbóṣé.

Nígbà náà ni inú rẹ̀ ṣí.

Wọ́n kọ́kọ́ pe oúnjẹ lẹ́jọ́. Hámzà yí oúnjẹ padà, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná nìkan. Kò dá a dúró. Ìgbẹ́ náà dà bí omi, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí òórùn ìgbẹ́ tí ènìyàn mọ̀. Ó dùn bí ohun tó fẹ́ẹ́ rà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ imú. Akóredé kò lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Póò ni Hámzà ń gbé sí i, ó ń gbé e lọ dànù, ó ń gbé búùtà bọ̀, ó ń fọ ìdí àbúrò rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó ń gbé búùtà padà sí ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì Inúmidùn a da sànitáísà sí i lọ́wọ́. Ó tutù, ó ń ta sánsán. Hámzà a fi ra ọwọ́ dáadáa, ó gbà pé ọwọ́ ti mọ́.

Wọ́n fún Akóredé ní oògùn inú tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Kò ràn án. Ikùn rẹ̀ wú, ó le, ibà mú un. Láàárín ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọ inú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hun. Wọ́n fa omi sí i lára, omi náà ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn náà mú Bàbá Ọlọ́runlékè. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó wà nítòsí fèrèsé. Gbogbo wọn ń gba oògùn apakòkòrò nítorí nǹkan mìíràn.

Dókítà Ọpẹ́dayọ̀ fi ìgbẹ́ Akóredé ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Nígbà tí èsì dé, ó pe Hámzà sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì kí Akóredé lè gbọ́.

"Bàbá Yúsràt," ó ní, nítorí Yúsràt ni àkọ́bí Hámzà, "ẹ jókòó."

"Mo lè dúró."

"Nínú ìfun ènìyàn, kòkòrò pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Àwọn ni kì í jẹ́ kí èyí tó burú rí àyè. Oògùn tí a ń lò fún ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pa àwọn tó dára. Èyí tó burú wá rí ilé gbà."

"Ibo ló ti wá?"

"Ọsibítù níbí ni. Ibi tí oògùn apakòkòrò bá ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló fẹ́ràn." Dókítà náà kò wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, Hámzà rí i, ó sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. "Ẹ̀yà rẹ̀ tún pọ̀. Èyí tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ Akóredé yàtọ̀. Májèlé tó ń tú sí ìfun ju ti àwọn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí oògùn àkọ́kọ́ kò fi ràn án."

"Èwo ló máa ràn án?"

"Òmíràn wà, Ìlọrin la ti máa rí i. Ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ tó bí a kò bá dá oògùn ẹsẹ̀ dúró. Bí a bá sì dá a dúró, kòkòrò inú egungun yóò jí. Yóò gun òkè lọ."

Hámzà ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ó dúró kí dókítà sọ ọ́.

"A ó gé ẹsẹ̀ náà. Lábẹ́ orúnkún. Bí a bá gé e, kò sí ohun tí a tún ń lo oògùn náà fún."

Bàbá Ọlọ́runlékè yí ojú sí ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, kó má baà dà bí ẹni ń gbọ́.

Dókítà ní Akóredé ni kó dáhùn. Akóredé ní, "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi." Hámzà ní kì í ṣe ara òun. Ó ń wá ọ̀rọ̀. Agbẹ́kànga tí kò ní ẹsẹ̀ kan, kí ni wọ́n ń pè é? Báwo ni yóò ṣe gòkè, báwo ni yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n dúró di ọ̀la. Bóyá inú rẹ̀ á dì.

Ó rí i pé nǹkan ń fa apá aṣọ rẹ̀. Ọwọ́ Akóredé ni. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì.

Hámzà yíjú sí dókítà. Ó ní, "Ẹ gé e."

Wọ́n gé e. Oògùn dé láti Ìlọrin, wọ́n ń fún un mu. Nọ́ọ̀sì Inúmidùn kọ́ Hámzà ní ohun tó yẹ kó ṣe. Ó ní kòkòrò yìí, bó bá ti jáde síta, a máa sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle bí irúgbìn. Ó lè wà lára irin, lára aṣọ, lára ike, fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa retí ẹnu tí yóò bá wọlé. Sànitáísà kò lè pa á. Ó ní òun náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èyí ló wà láàárín wọn. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣàn án kúrò lọ́wọ́. Bílíìṣì ló ń pa á.

Hámzà wá bílíìṣì. Ó fi nu irin bẹ́ẹ̀dì, ó fi fọ póò, ó fi fọ ilẹ̀, abọ́, ìdè fèrèsé. Ó bọ aṣọ sínú rẹ̀ títí àwọ̀ aṣọ fi ṣá. Awọ ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó nu bẹ́ẹ̀dì Bàbá Ọlọ́runlékè pẹ̀lú, ó nu ti ọkùnrin ẹ̀bá fèrèsé.

Búùtà nìkan ni kò fọ̀. Kò wá sí i lọ́kàn. Búùtà ni wọ́n fi ń fọ nǹkan. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé omi inú rẹ̀ mọ́, àti pé ọwọ́ tó bá lọ sí ìdí rẹ̀, mímọ́ ló ń mọ́ bọ̀. Nígbà tí àwọn tí inú wọn ń ṣí sì ti pọ̀ sí i, omi tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i. Hámzà tún múra sí i. Kò jẹ́ kí ó gbẹ.

Inú Akóredé dì. Ó jẹ kókó, kò jáde. Ó sùn. Nígbà tó jí, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ kó wà lábẹ́ aṣọ, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀ kí n lè kírun. Ẹ bá mi gbé búùtà."

Hámzà gbé e wá. Ó da omi sí i lọ́wọ́. Akóredé gba búùtà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun na ọwọ́ tirẹ̀. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ẹnu kànga. Ó bomi yọ ẹnu. Hámzà rò pé ó ti parí.

Bàbá Ọlọ́runlékè kò gbádùn bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ti Ìlọrin wá kárí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, kò sí ẹran lára rẹ̀ tí àìsàn yóò jẹ kó tó kan egungun. Rhoda ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ, kò gbé e mì mọ́. Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú, ó ní kí wọ́n bá òun pe Alhájì Oníbúùtà. Hámzà dúró tì í. Bàbá náà ní, "Mo gba àdúrà yẹn fún àbúrò rẹ. Ìyàgbà ni mo fi gbà á." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò ni inú Akóredé tún ṣí.

Nọ́ọ̀sì Inúmidùn dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo yíká. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá Yúsràt, kí ni ẹ kò tíì fọ̀?"

"Mo ti fọ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ rántí. Kí ni gbogbo wọn jọ ń fi ọwọ́ kàn? Ṣé ife kan náà ni?"

"Rárá."

"Ṣíbí ńkọ́?"

"Oníkálukú ló ní tirẹ̀."

Nígbà yìí, ọkùnrin kan jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gbé búùtà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń tọ́jú ọkùnrin ẹ̀bá fèrèsé bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọwọ́ búùtà mú, ó wọlé. Hámzà rí ọwọ́ tó gbé e sílẹ̀ àti ọwọ́ tó gbé e. Ó rí i pé kì í ṣe omi. Omi kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí wọ́n ń dì í mú ni. Ọwọ́ tí kò tíì mọ́ ló ń gbé e kí ó tó mọ́, ọwọ́ tó ti mọ́ ló sì tún ń gbé e padà. Ọwọ́ tirẹ̀ náà, àtàárọ̀ títí di alẹ́, láti ìdí Akóredé sí búùtà, láti búùtà sí gbogbo wọ́ọ̀dù. Òun ló sì tún fi lé Akóredé lọ́wọ́ nígbà tí inú rẹ̀ dì.

Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Kí ló dé?"

"Búùtà," ni Hámzà wí.

Nọ́ọ̀sì náà wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Hámzà sọ ọ́ sí etí gbogbo wọn. Ó dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan búùtà náà mọ́, òun ló gbé e wá, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń ràn. Kò sẹ́ni tó bú u. Ó sàn kí wọ́n bú u. Ọkùnrin kan fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́yìn, irin rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Ẹnì kan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ara aṣọ, ó ń nù ún, kò dáwọ́ dúró.

Rhoda ti padà wá kó ẹrù bàbá rẹ̀. Ó ń di agbọ̀n lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó sì ti gbọ́. Hámzà lọ bá a.

"Alhájì," ni Rhoda wí.

"Èmi ni mo gbé e wá."

Rhoda tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú ara rẹ̀, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń gbé búùtà náà. Òun náà ni mo fi ń fún bàbá ní ẹ̀kọ."

"O kò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà kò mọ̀." Ó di ẹrù rẹ̀ tán, ó tún un dì. "Ẹ má sọ fún màmá mi. Bàbá ti ròyìn yín fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ń dárúkọ yín nínú àdúrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Hámzà bá a gbé agbọ̀n dé ibi ọkọ̀. Rhoda na ọwọ́ láti dágbére. Hámzà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé àyà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó gbé búùtà lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sun ún. Ike náà ké ṣììì, ó rọ̀, ó ń kán sórí erùpẹ̀. Kànga bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dúró tì í títí iná fi kú.

Oògùn inú tó kù lọ́sibítù ti tán. Dókítà ní òmíràn ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà bàjẹ́ lọ́nà, ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí yóò dé. Akóredé dùbúlẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ikùn rẹ̀ le bí pátákó. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ó fi etí sí i. Hámzà ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu. Bó bá kán an, yóò lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Yóò padà wá, yóò tún kán an.

Akóredé la ojú ní ìyálẹ̀ta. "Ẹ̀gbọ́n."

"Mo wà níbí."

"Mo fẹ́ ṣàlùwàlá. Búùtà dà?"

"Kò sí mọ́."

"Ta ló gbé e?"

"Mo sun ún."

Akóredé rò ó. Ó dà bí ẹni pé ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. "Ẹ bá mi wá erùpẹ̀ nígbà náà." Òótọ́ ni. Ẹni tí kò lè lo omi, erùpẹ̀ tó mọ́ ni yóò fi ọwọ́ bà, yóò fi pa ojú àti ọwọ́. Ẹ̀sìn gbà á láàyè.

Hámzà wo ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó wo ìta, ibi tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀, tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí. Kò rí erùpẹ̀ tó mọ́ ní gbogbo ọsibítù náà. Ó bẹ Nọ́ọ̀sì Inúmidùn kó máa wo Akóredé, ó gun ọ̀kadà, ó ní kó gbé òun lọ sí ọ̀nà Ògìdì.

Garawa tí wọ́n fà kẹ́yìn ní ilé Bámgbóṣé ṣì wà lábẹ́ páànù, níbi tó gbé e sí lọ́jọ́ tí òkúta já. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Erùpẹ̀ inú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ pátápátá wá, ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì dé rí. Hámzà fọ ọwọ́, ó bu díẹ̀ sínú ọ̀rá tuntun. Bámgbóṣé jáde, ó fẹ́ béèrè ara aláìsàn. Ó wo ojú Hámzà, ó padà wọlé.

Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, Nọ́ọ̀sì Inúmidùn wo ọ̀rá náà, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Lẹ́yìn rẹ̀, ọṣẹ o."

"Ọṣẹ," ni Hámzà wí.

Ó gbé erùpẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ Akóredé. Akóredé fi ọwọ́ bà á, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Ó wá bù ú díẹ̀, ó fún un láàárín ìka, ó gbé e sí imú bó ṣe máa ń ṣe nínú kànga.

"Níbo nìyí?"

"Ilé Bámgbóṣé."

"Ó ti ń rọ̀." Ó tún fún un. "Omi ò jìnnà mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máà jẹ́ kí wọ́n dí i."

"Wọn kò ní dí i."

"Ta ni yóò wọ̀ ọ́?"

Akóredé di apá aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Hámzà dúró kó fà á. Kò fà á. Ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀, ó sùn, Hámzà kò sì lè dìde, kò lè lọ fọ ọwọ́, kò lè ṣe ohunkóhun. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo àyà àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, títí awakọ̀ Ìlọrin fi dé pẹ̀lú oògùn nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀.

Akóredé kò kú. Oògùn náà mú un, ó pẹ́ kó tó mú un, ṣùgbọ́n ó mú un. Wọ́n gbé e lọ sílé lórí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó fúyẹ́ débi pé Hámzà nìkan ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bíllíkísù gbé ìkókó lé itan rẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀bá fèrèsé náà yè. Bàbá Ọlọ́runlékè wà ní Makutu, nínú ilẹ̀.

Dókítà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ: irú èyí lè padà wá. Ó lè pẹ́, ó lè máà pẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́.

Hámzà ló wọ kànga Bámgbóṣé. Ó háyà ẹnì kan láti fa okùn. Akóredé jókòó lórí àga ní ẹnu kànga, igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lára okùn. Omi yọ níbi tó sọ pé yóò yọ. Wọ́n gbọ́n ọn títí tó fi mọ́. Onílé dúró, ìyàwó rẹ̀ dúró, àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń retí. Hámzà kò gbé búùtà jáde. Ó ní kí oníkálukú bu omi sínú abọ́ tirẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Bámgbóṣé ní, "Sàráà ńkọ́?" Hámzà ní, "Òun nìyẹn."

Yàrá rẹ̀ àti ti Akóredé jọ fi ògiri kan pín. Ṣáláńgá wà lẹ́yìn ilé, ilẹ̀kùn páànù rẹ̀ sì máa ń ké bí wọ́n bá ṣí i. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Hámzà kì í dìde kúrò lórí búúsù, awọ tó fi ń kírun. Ó ń gbọ́ igi ìtìlẹ̀ bó ṣe ń kan ilẹ̀ lọ. Ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn páànù. Ó ń gbọ́ omi àti ọṣẹ. Ó ń gbọ́ igi ìtìlẹ̀ bó ṣe ń padà bọ̀, tí bẹ́ẹ̀dì sì ń dún bí Akóredé ṣe jókòó.

Nígbà náà ni yóò mí díẹ̀. Kò tíì ní dìde. Yóò dúró, yóò fi etí sí ògiri, kó mọ̀ bóyá Akóredé yóò tún jáde.